Ìka Mẹ́wàá Lọ́wọ́ Kọ̀ǹpútà: Bí Ẹ̀rọ Ṣe Ń Dá Wa Mọ̀ ní Ọgbà Ẹ̀wọ̀n, Ilé Ìwé àti Àgọ́ Ọlọ́pàá

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan wà tó ti ń yan gàrí kí wọ́n tó bí mi. Lọ́dún tó kọjá, mo tẹ̀lé e lọ sí báǹkì kan láti tún àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣe. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ní kí wọ́n gbé àtàǹpàkò lé gíláàsì kékeré kan. Ẹ̀rọ dún pì-pì, ó ní rárá. Wọ́n ní kí mọ́mì nu ọwọ́, wọ́n nu ọwọ́. Wọ́n ní kí wọ́n lo ìka mìíràn, a gbìyànjú gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin náà wò mí lójú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mọ́mì ò ní ìlà ọwọ́ mọ́ o." Mọ́mì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ní, "Èwo wá ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́fà?"

Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Báǹkì nìkan kọ́ ló ń béèrè ìka báyìí. Ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB á tẹ̀ka. Ẹni tó fẹ́ dìbò á tẹ̀ka tàbí kó gbé ojú síwájú ẹ̀rọ BVAS. Ẹni tí ọlọ́pàá mú á tẹ̀ka, bí wọ́n bá sì rán an lọ sẹ́wọ̀n, á tún un tẹ̀. Ní báǹkì, bí ẹ̀rọ bá ní òun ò mọ̀ ẹ́, wàá padà wá lọ́la. Ní àgọ́ ọlọ́pàá ńkọ́, bí ẹ̀rọ bá ní òun mọ̀ ẹ́, tó sì jẹ́ pé ìwọ kọ́? Ohun tá a fẹ́ jọ yẹ̀ wò lónìí nìyẹn.

Kí ló wà lórí ìka gan-an?

Ẹ gbé àtàǹpàkò yín síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà dáadáa. Ẹ máa rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò tẹ̀ léra bí ebè àti poro nínú oko. Ní orí ìka àwọn kan, ebè yìí tẹ̀ kọdọrọ bí ọrun, ó gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, ó gba ìkejì jáde. Ní ti àwọn mìíràn, ó wọlé, ó ṣẹ́rí padà, ó sì gba ibi tó gbà wọlé jáde. Irú èyí ló pọ̀ jù lára èèyàn. Irú kẹta ń pòyì bí ibi tí odò ti ń yí. Àmọ́ irú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò tó láti dá ẹnì kan mọ̀, nítorí èmi àti ẹ̀yin lè jọ ní èyí tó ń pòyì. Ohun tí ẹ̀rọ ń wá ni ibi tí ebè kan ti dópin lójijì, tàbí ibi tó ti pín sí méjì bí oríta. Á sàmì sí ibẹ̀, á wo ibi tó kọjú sí, á wo bó ṣe jìnnà sí àwọn yòókù, á sì sọ gbogbo rẹ̀ di nọ́ńbà. Nọ́ńbà yìí ni kọ̀ǹpútà ń fi wéra, kì í sábà jẹ́ àwòrán ìka fúnra rẹ̀.

Inú oyún la ti ń gba ìlà yìí. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹwàá oyún ló bẹ̀rẹ̀, kí oyún tó pé oṣù mẹ́fà, ó ti fìdí múlẹ̀. Bí ọmọ ṣe dùbúlẹ̀, ohun tí ìka rẹ̀ ń fara kàn, omi tó yí i ká, bí ìka ṣe yára dàgbà tó, gbogbo rẹ̀ ló ń dá sí i. Ìdí nìyí tí ìbejì tó jọra débi tí ìyá wọn fi ń ṣì wọ́n pè kò fi ní ìtẹ̀ka kan náà. Bí ẹ bá dé Igbó-Ọrà, níbi tí ìbejì ti pọ̀ bí eṣú, kámẹ́rà tó ń wo ojú lè dàrú, àmọ́ ẹ̀rọ tó ń wo ìka á mọ Táíwò yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé.

Ojú pàápàá ní ohun tí ẹ̀rọ ń kà. Apá tó ní àwọ̀ nínú ẹyinjú, èyí tó yí ọmọ ojú ká, ní iṣan wẹ́wẹ́ àti kòtò kéékèèké tí kò bá ti ẹlòmíràn mu. Kódà ojú ọ̀tún yín àti ti òsì yàtọ̀ síra. John Daugman, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Cambridge, ló ṣe ìṣirò tí wọ́n fi ń kà á; ó gba ẹ̀tọ́ iṣẹ́ náà ní 1994. Èyí péye gan-an, ṣùgbọ́n ó gba kéèyàn sún mọ́ ẹ̀rọ kó sì dúró jẹ́ẹ́. Dídá ìrísí ojú mọ̀ láti òkèèrè ni kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni. Kámẹ́rà á wò ẹ́ lójú títì, ìwọ ò tiẹ̀ ní mọ̀. Òun náà ló máa ń ṣì jù, nítorí ojú máa ń gbó, ó máa ń sanra, ìmọ́lẹ̀ sì máa ń yí i padà.

Ẹnì kan lè sọ pé àwa Yorùbá ti ń fi ara dá èèyàn mọ̀ tipẹ́: pélé, àbàjà, gọ̀ǹbọ́, kẹ́kẹ́. Òótọ́ ni, àmọ́ ilà ojú ń sọ ibi tí èèyàn ti wá tàbí ìdílé rẹ̀ ni. Kò lè sọ pé Àjàní ni, kì í ṣe Àkàndé. Ohun tí ẹ̀rọ ń lépa ni kó mú ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo jáde láàárín ogunlọ́gọ̀.

Láti orí ìwé kọ́ńtíráàtì dé ẹnu ọ̀nà tó ní ẹ̀jẹ̀

Ní 1858, òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Hooghly, ní Bengal ilẹ̀ Íńdíà, William Herschel, ní kí Rajyadhar Konai tó fẹ́ kó òkúta ojú ọ̀nà wá fún ìjọba fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹ̀yìn ìwé àdéhùn, kó má bàa sẹ́ tó bá yá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn nípa owó ni gbogbo rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 1892, ní ìlú Necochea ní Argentina, wọ́n rí ọmọ méjì tí wọ́n ti pa sínú ilé. Ìyá wọn, Francisca Rojas, tọ́ka sí ọkùnrin kan ládùúgbò. Wọ́n fìyà jẹ ọkùnrin náà, kò jẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n tún ilé náà yẹ̀ wò, wọ́n rí ìtẹ̀ka ẹlẹ́jẹ̀ lára ilẹ̀kùn. Wọ́n gé pátákó náà, wọ́n fi wé ìka ìyá náà, ó sì bá a mu. Nígbà tí wọ́n fi hàn án, ó jẹ́wọ́. Ọ̀nà tí Juan Vucetich, òṣìṣẹ́ ọlọ́pàá níbẹ̀, fi ń to ìtẹ̀ka ni wọ́n lò.

Àwọn ọlọ́pàá ìlú Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1901 pẹ̀lú ètò tí wọ́n fi orúkọ Edward Henry pè. Àwọn ọmọ Íńdíà méjì, Azizul Haque àti Hem Chandra Bose, ló jókòó ṣe ọ̀pọ̀ ìṣirò inú rẹ̀ ní Calcutta. Ọmọ abẹ́ ṣiṣẹ́, ọ̀gá gba orúkọ. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ Necochea. Ìka náà gba ọkùnrin tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ là. Àwọn tó bá ń bú ẹ̀rọ yìí lónìí, kí wọ́n má gbàgbé èyí. Kí wọ́n tó máa tẹ̀ka, ojú àti ẹnu ẹlẹ́rìí ló kù, a sì mọ bí ẹnu ṣe rí.

Ìbéèrè méjì tó jọra, àmọ́ tí wọn kì í ṣe ọ̀kan

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í lóye rèé, ẹ jẹ́ ká rọra kà á. Ìbéèrè kìíní tí a lè bi ẹ̀rọ ni pé, "Ṣé ẹni tó dúró síwájú mi yìí ni Bísí lóòótọ́?" Ẹ̀rọ á mú ìka tí Bísí tẹ̀ lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀, á fi wé ti òní. Ẹyọ kan sí ẹyọ kan. Bí JAMB ṣe ń ṣe é lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò nìyẹn, kí ẹni tí wọ́n háyà má bàa bá ọmọlọ́mọ jókòó. Ìbéèrè kejì ni pé, "Ta ni ẹni yìí?" Níbí, ẹ̀rọ á mú ìka tàbí ojú kan, á máa fi wé gbogbo èèyàn tó wà nínú àkójọ, ìbáà jẹ́ mílíọ̀nù lọ́nà ogún.

Kí ló fà á tí ìkejì fi léwu? Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní ẹ̀rọ kan wà tó ń ṣàṣìṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ìfiwéra 10,000. Ní ẹnu ọ̀nà ìdánwò, ẹ̀rọ yẹn dára: háyà kan nínú 10,000 ló máa rọ́nà wọlé. Ẹ wá gbé ẹ̀rọ kan náà fún ọlọ́pàá tó ní àwòrán 2,000,000 èèyàn. Ìfiwéra mílíọ̀nù méjì, àṣìṣe kan nínú 10,000: igba (200) èèyàn ni ẹ̀rọ máa sọ pé wọ́n jọ ọ̀daràn náà, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ló jalè. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé olè náà kò sí nínú àkójọ rárá. Bí àkójọ bá ṣe ń tóbi sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó jọ ọ́ ṣe ń pọ̀ sí i.

Òótọ́ ni pé a lè ní kí ẹ̀rọ le sí i, kó má gba ohunkóhun àfi tó bá bára mu pátápátá. Ṣùgbọ́n bó bá ti le jù, á bẹ̀rẹ̀ sí í lé onílé síta. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n ìyá mi nìyẹn. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní Otuoke ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2015, lójú gbogbo ayé, nígbà tí ẹ̀rọ tó ń ka káàdì ìdìbò kọ̀ láti gba ìka Ààrẹ Goodluck Jonathan. Ààrẹ orílẹ̀-èdè o! Ọwọ́ ni wọ́n padà fi kọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó yàn láti mú kí ẹ̀rọ le ló ń yàn ẹni tí ìyà máa jẹ, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n

Bí wọ́n bá pe "Sunday!" nínú yàrá ẹ̀wọ̀n kan, èèyàn mélòó ló máa dáhùn? Ìyẹn nìkan tó ìdí tí ọgbà ẹ̀wọ̀n fi nílò ohun tó ju orúkọ lọ. Ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sílé ẹjọ́, ẹni tó fẹ́ gba oògùn, ẹni tí ọjọ́ ìdásílẹ̀ rẹ̀ pé, ó yẹ kó jẹ́ òun gan-an. Ìbéèrè kìíní nìyẹn, ẹyọ kan sí ẹyọ kan, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́ jù.

Nílé wa níbí, ọ̀rọ̀ àwọn tó sá ló jẹ́ kí aráàlú gbọ́ nípa rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2021, ẹlẹ́wọ̀n 1,844 sá ní Owerri. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ó lé ní 800 tó jáde ní Abolongo nílùú Ọ̀yọ́. Nígbà tí omi ya wọ Maiduguri ní oṣù kẹsàn-án 2024, tó wó ògiri ọgbà ẹ̀wọ̀n, 281 ni wọn ò rí mọ́, àwọn aláṣẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n sì sọ fáráyé pé àwọn ní àkọsílẹ̀ wọn, títí kan ìtẹ̀ka àti irú rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà ọgbà ẹ̀wọ̀n kì í mú èèyàn. Àfi bí ọlọ́pàá lójú títì, òṣìṣẹ́ ẹnubodè àti báǹkì bá lè bi àkọsílẹ̀ yẹn ní ìbéèrè. Bí wọn ò bá so wọ́n pọ̀, ìka mẹ́wàá tí wọ́n tẹ̀ dà bí ìwé tí wọ́n tì mọ́nú dúrọ́ọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ kò lè tún ohun tí èèyàn kọ sílẹ̀ bàjẹ́ ṣe. Ní England àti Wales, wọ́n ṣèèṣì dá ẹlẹ́wọ̀n 262 sílẹ̀ láàárín ọdún kan tó parí ní oṣù kẹta 2025. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ ni wọ́n ṣírò kù, tàbí pé ìwé ilé ẹjọ́ ò dé, ìka á bára mu dáadáa, wọ́n á sì ṣílẹ̀kùn fún ẹni náà gan-an, lọ́jọ́ tí kò yẹ. Àwọn ará ibẹ̀ tún gbé ẹ̀rọ tó ń wo ojú àti ẹyinjú àwọn àlejò wò ní ọgbà ẹ̀wọ̀n mẹ́ta, Hull, Humber àti Lindholme, nítorí àwọn tó ń kó oògùn olóró wọlé.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ju ìlàjì lọ nínú àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà ló ṣì ń retí ìdájọ́. Wọn ò tíì dá wọn lẹ́bi. Bí ilé ẹjọ́ bá ní kí wọ́n máa lọ sílé, ìka wọn ńkọ́, ṣé ó máa bá wọn lọ sílé? Wọ́n gbé irú ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ilẹ̀ Yúróòpù. Ọ̀kan lára àwọn olùpẹ̀jọ́ jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí ọlọ́pàá England mú un. Ilé ẹjọ́ dá a láre, àmọ́ ọlọ́pàá kọ̀ láti pa ìtẹ̀ka rẹ̀ rẹ́. Ní oṣù kejìlá 2008, adájọ́ mẹ́tàdínlógún fẹnu kò pé pípa ìka ẹni tí wọn ò dá lẹ́bi mọ́ láìní gbèdéke tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú.

Ilé ìwé

Èyí ò ní pẹ́. Ní Skellefteå ní Sweden, ilé ìwé kan fi kámẹ́rà ka ojú ọmọ 22 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti mọ ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá. Ìjọba bu owó ìtanràn 200,000 kronor lé wọn ní 2019. Ilé ìwé ní àwọn ọmọ náà gbà. Àwọn alábòójútó ní, ọmọ tó wà lábẹ́ olùkọ́, báwo ló ṣe fẹ́ sọ pé òun ò gbà? Ní North Ayrshire ní Scotland, ilé ìwé mẹ́sàn-án bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ọmọ san owó oúnjẹ ọ̀sán ní oṣù kẹwàá 2021 kí ìlà má bàa gùn. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi dá a dúró nítorí ariwo. Ìpínlẹ̀ New York fòfin de kíka ojú nílé ìwé ní 2023.

Tèmi ni pé títẹ̀ka fún ìdánwò ńlá tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń jí ṣe ní ìdí tó ṣe gúnmọ́. Kí ọmọ ọdún mẹ́jọ máa tẹ̀ka kó tó jẹ ìrẹsì ò ní ìdí kankan. Tíṣà tí kò bá lè mọ ọmọ ọgbọ̀n lójú, ẹ̀rọ kọ́ ló nílò.

Àgọ́ ọlọ́pàá

Ní oṣù kẹta 2004, bọ́ǹbù dún nínú ọkọ̀ ojú irin ní Madrid, ó pa èèyàn tó lé ní 190. Wọ́n rí ìtẹ̀ka lára báàgì ọ̀rá kan. FBI fi í sínú kọ̀ǹpútà wọn ní Amẹ́ríkà, kọ̀ǹpútà sì mú orúkọ ogún jáde. Ọ̀kan nínú wọn ni Brandon Mayfield, lọ́yà ní Oregon tó ti ṣe sójà rí, tó sì jẹ́ Mùsùlùmí. Àwọn àgbà ọ̀mọ̀ràn FBI mẹ́ta wò ó, wọ́n ní òun ni. Ọlọ́pàá Spain ní kì í ṣe òun, wọn ò gbọ́. Wọ́n tì í mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí Spain tó sọ pé ọmọ Algeria kan ló ni ìka náà. FBI tọrọ àforíjì, ìjọba sì san mílíọ̀nù méjì dọ́là fún un ní 2006. Ẹ ẹ̀ rí i pé ẹ̀rọ kò parọ́ níbẹ̀? Ohun tó sọ ni pé, "Àwọn ogún yìí jọ ọ́." Èèyàn ló sọ jíjọ di jíjẹ́.

Ó tún ṣẹlẹ̀ ní Detroit. Ní oṣù kìíní 2020, ọlọ́pàá fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́wọ́ Robert Williams, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, níwájú ìyàwó àti ọmọbìnrin rẹ̀ méjì. Kámẹ́rà ilé ìtajà kan ya ẹni tó jí aago, kọ̀ǹpútà sì ní ojú yẹn bá àwòrán ìwé ìwakọ̀ Williams mu. Nígbà tí wọ́n fi àwòrán olè náà hàn án, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ara rẹ̀ kí wọ́n wò ó. Kò jọ ọ́ rárá. Nǹkan bí ọgbọ̀n wákàtí ló lò ní àtìmọ́lé. Ní 2024, ìlú Detroit san owó gbà-má-bínú fún un, wọ́n sì gbà pé àwọn ò ní fi àbájáde kíka ojú nìkan mú ẹnikẹ́ni mọ́.

Kí ló dé tó fi jẹ́ aláwọ̀ dúdú? Wọ́n fi àwòrán kọ́ ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ni. Bó bá jẹ́ ojú òyìnbó ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi hàn án, ojú wa á jọra lójú rẹ̀, bí gbogbo òyìnbó ṣe ń jọra lójú ìyá wa àgbà. Joy Buolamwini àti Timnit Gebru dán ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ mẹ́ta wò ní 2018, wọ́n ní kó kàn sọ bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni ojú kan. Ẹ̀rọ tó burú jù ṣì ìdá 34.7 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin aláwọ̀ dúdú. Ọkùnrin aláwọ̀ funfun, kò ju 0.8 lọ. Ọdún kejì, àjọ NIST ti ìjọba Amẹ́ríkà yẹ ìlànà kíka ojú 189 wò, wọ́n sì rí i pé nínú ọ̀pọ̀ wọn, bí ẹ̀rọ ṣe ń fi ẹnì kan pe ẹlòmíràn láàárín àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti ará Ìlà-Oòrùn Éṣíà lè ju ti òyìnbó lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá títí dé ọgọ́rùn-ún. Ẹ padà lọ wo ìṣirò igba èèyàn tá a ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá.

Nàìjíríà ní òfin méjì tó yẹ kéèyàn mọ̀. Òfin ìṣàkóso ẹjọ́ ọ̀daràn ti 2015 ní kí ọlọ́pàá kọ àkọsílẹ̀ ẹni tí wọ́n mú, pẹ̀lú àwòrán àti ìtẹ̀ka, láàárín wákàtí 48. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 sì ka ìka, ojú àti ẹyinjú mọ́ ìsọfúnni ẹlẹgẹ́, tí ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ ní ìdí fún. Ẹlẹgẹ́ ni lóòótọ́. Bí wọ́n bá jí páṣíwọ́ọ̀dù rẹ, wàá pààrọ̀ rẹ̀. Ní 2015, àwọn tó wọ kọ̀ǹpútà ìjọba Amẹ́ríkà kó ìtẹ̀ka òṣìṣẹ́ mílíọ̀nù 5.6 lọ. Ibo ni wọ́n fẹ́ ti ra ìka tuntun?

Ní ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi, wọ́n padà parí ọ̀rọ̀ náà lọ́sẹ̀ kejì, nígbà tí ọ̀gá kan tó mọṣẹ́ dé. Iná àgbàdà àti gbígbo gàrí ló jẹ ìlà ọwọ́ wọn. Ó máa ń ṣe bíríkìlà, alágbẹ̀dẹ àti àwọn tó ń fi ọṣẹ fọṣọ fún ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ní irú wọn nílé tàbí ọmọ tó fẹ́ lọ tẹ̀ka fún ìdánwò, kí ó máa fi òrí tàbí ìpara pa ìka lálaalẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kó fọ̀ ọ́ nù láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó má sì lé làálì sórí ìka. Níbi ẹ̀rọ, kó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́, nítorí bí a bá tẹ̀ ẹ́ jù, ebè àti poro á dàpọ̀. Bí àtàǹpàkò bá kọ̀, kó ní kí wọ́n gbìyànjú ìka ìfábẹ̀lá. Ti mọ́mì, ìka kékeré ọwọ́ òsì ló padà jẹ́.